Ìrìnàjò sí Trinidad àti Tobago: bí ẹ ṣe lè yan oṣù tó bá òjò, ìjàpá òkun àti ọdún ìbílẹ̀ mu

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń wá ni tíkẹ́ẹ̀tì tó pọ́ọ́kú. Ìgbà tí wọ́n bá rà á tán ni wọ́n tó ń bèèrè ohun tó ń lọ lọ́wọ́ níbi tí wọ́n ń lọ. Trinidad kò gba irú ètò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ fún Carnival ní oṣù kejì á jó títí ẹsẹ̀ á fi wú, ṣùgbọ́n àsìkò tí ìjàpá òkun ń yé ẹyin kò tíì tó. Ẹni tó bá dé ní oṣù karùn-ún á rí ìjàpá òkun dáadáa, àmọ́ ariwo ọdún ti lọ sílẹ̀ nígboro. Ẹni tó bá sì lọ ní oṣù kọkànlá, àfi tó bá jẹ́ Divali, ọdún iná àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, ló bá lọ, òjò àti ẹrẹ̀ ni yóò pọ̀ jù nínú ohun tó máa rí.

Nítorí náà, oṣù ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kí tíkẹ́ẹ̀tì tẹ̀ lé e. Orílẹ̀-èdè kan ni Trinidad àti Tobago, erékùṣù méjì ló ní. Òun ló wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá láàárín àwọn erékùṣù Caribbean, kìlómítà 11 péré sì ni ibi tí Trinidad ti sún mọ́ Venezuela jù. Mo yan ibẹ̀ fún ìtọ́sọ́nà yìí nítorí pé ẹ̀jẹ̀ wa wà níbẹ̀. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá sílẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ akẹ́rú, wọ́n kó wọn lọ sí Freetown àti erékùṣù St Helena, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kó lára wọn lọ ṣiṣẹ́ ní Trinidad. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn ṣì ń ké pe Ògún, Ṣàngó àti Ọ̀ṣun ní orúkọ tí a mọ̀ wọ́n sí nílé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ bí òjò ibẹ̀ ṣe ń rọ̀

Ẹ̀ẹ̀rùn wọn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní, ó ń lọ dé oṣù karùn-ún. Òjò wọlé ní oṣù kẹfà, ó sì di ìparí ọdún kó tó kásẹ̀ nílẹ̀. Láàárín oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, òjò máa ń sinmi díẹ̀, bí tiwa ṣe ń sinmi ní oṣù kẹjọ. Petit carême ni wọ́n ń pe àsìkò yẹn. Ooru ibẹ̀ kò ní ya ará Èkó lẹ́nu: nǹkan bí ìwọ̀n 31 lọ́sàn-án, 23 lóru. Ọyẹ́ kì í fẹ́ níbẹ̀, àmọ́ eruku aṣálẹ̀ Sàhárà, ìyẹn gan-an tó ń bo ojú ọ̀run wa, máa ń fò kọjá Òkun Atlantic débẹ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn wọn, pàápàá tí ẹ̀ẹ̀rùn bá fẹ́ parí. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée kó má fi oògùn rẹ̀ sílé.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ "àsìkò òjò" dẹ́rù bà yín. Ní oṣù keje àti ìkẹjọ, ọ̀sán ni òjò sábà máa ń rọ̀: á dà wìì fún wákàtí kan tàbí méjì, oòrùn á sì tún yọ. Tí ẹ bá ní ohun tí ẹ fẹ́ ṣe níta, ẹ tètè jí. Ibi tí ó yẹ kí ẹ ṣọ́ra ni àríwá ìlà-oòrùn Trinidad, lẹ́bàá òkè, nítorí òjò ibẹ̀ pọ̀ ju ti ìgboro lọ, ilẹ̀ sì máa ń ya bo ojú títì. Etíkun ìlà-oòrùn tún máa ń gba koríko òkun rẹpẹtẹ tí ìgbì ń gbé wá láti agbami, láàárín oṣù kẹta sí ìkẹjọ. Ó ń rùn, kò sì ṣeé lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀.

Ìjì líle ń jà ní Caribbean láti oṣù kẹfà sí ìkọkànlá. Trinidad jìnnà díẹ̀ sí ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ìjì yẹn ń gbà, àmọ́ ojú Tobago ti rí nǹkan. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 1963, ìjì tí wọ́n pè ní Flora wó igbó àti oko kòkó ibẹ̀ lulẹ̀. Ẹni tó bá ní Tobago lòun ń lọ ní oṣù kẹsàn-án, kó ra ínṣọ́ránsì ìrìnàjò, kó sì rí i pé ìwé náà dárúkọ ìjì.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mú ẹyọ kan nínú àsìkò mẹ́ta

Àsìkò àkọ́kọ́ ni Carnival. Ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Ọjọ́rú Eérú ni, torí náà ọjọ́ rẹ̀ ń yí pẹ̀lú ọdún Àjíǹde: 8 àti 9 oṣù kejì ní 2027, 28 àti 29 oṣù kejì ní 2028. Owó ilé ìtura máa ń fò sókè, yàrá sì máa ń tán ṣáájú ọdún. Àwọn tó ń wọ aṣọ ìyẹ́ aláràbarà ń san owó ńlá fún ẹgbẹ́ wọn. Tí èyí kò bá wù yín, ẹ lọ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ẹ máa lọ sí àwọn àgbàlá tí ẹgbẹ́ onílù irin ti ń kọ́ orin lálẹ́. Ẹgbẹ́ ńlá kan lè ní tó 120 olùlù. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìlù tó ń dún nísàlẹ̀, àwọn tí wọ́n fi odindi àgbá epo ṣe, ẹ máa gbọ́ ọ nínú eegun àyà yín. Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ni ìdíje àṣekágbá, Panorama. Ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì, wọ́n máa ń ṣe eré Canboulay, tó ń sọ bí àwọn aráàlú ṣe kojú àwọn ọlọ́pàá ní 1881 nígbà tí wọ́n fẹ́ gba ọdún náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Mo fẹ́ràn ìdájí yẹn ju gbogbo ìwọ́de aláràbarà lọ.

Àsìkò kejì ni Àjíǹde. Ilẹ̀ ṣì gbẹ, ìjàpá òkun ti ń gòkè, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé Àjíǹde sì ni eré ìje ewúrẹ́ ní Buccoo, ní Tobago, tó ti wà láti 1925. Ọjọ́ 30 oṣù kẹta ni ìsinmi ìjọba fún ìjọ Spiritual Baptist, àwọn aláṣọ funfun tí òfin ka ìjọsìn wọn léèwọ̀ láti 1917 sí 1951. Ní 2027, ọjọ́ kan náà ni ìsinmi yìí àti eré ewúrẹ́ bọ́ sí. Ẹni tó ń gbé ìlú òyìnbó, tó ní ọmọ nílé ìwé, kó mú àsìkò yìí.

Ẹ̀kẹta, èyí tí mo fẹ́ kí ọmọ Yorùbá mú, ni láti àárín oṣù keje títí dé ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù kẹjọ. Òjò á pa yín, òótọ́ ni. Àmọ́ nínú ọ̀sẹ̀ méjì àbọ̀ yẹn ni ọdún àṣà Tobago ń lọ lọ́wọ́, àwọn ọmọ ìjàpá ń yọrí láti inú iyanrìn, Ọjọ́ Ìtúsílẹ̀, ìrántí òpin oko ẹrú, sì ń bọ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ. Kò sí ìgbà mìíràn nínú ọdún tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé. Orí àsìkò yìí ni ìyókù ìtọ́sọ́nà yìí dúró lé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Tobago ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ọkọ̀ òfúrufú láti Port of Spain, olú-ìlú tó wà ní Trinidad, dé Tobago kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọkọ̀ ojú omi tún wà láti Port of Spain sí Scarborough, owó rẹ̀ kò wọ́n, àmọ́ kí ẹni tí òkun ń pa mọ̀ pé ìgbì ojú ọ̀nà yẹn kì í ṣeré.

Láti 1987 ni wọ́n ti ń ṣe ọdún àṣà náà, ó sì dáa nítorí pé abúlé sí abúlé ló ń lọ. Ẹ gba ìwé ètò ọdún náà tí ó bá ti jáde, kí ẹ mú abúlé méjì péré. Èmi á ní kí ẹ mú Moriah, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìgbéyàwó ayé àtijọ́: ọkọ ìyàwó á dé fìlà gíga dúdú, ìyàwó á fà mọ́ ọn lápá, gbogbo àwọn ará ìyàwó á máa fi ijó rìn lẹ́sẹẹsẹ lórí òkè, wọ́n á tẹ̀ síwájú, wọ́n á fà sẹ́yìn díẹ̀, fáolìnì àti ìlù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní tambrin á sì máa tẹ̀ lé wọn. Ẹ̀kejì ni Pembroke, tó ní àsè Salaka, ọpẹ́ àti ìrántí àwọn baba ńlá tí wọ́n kó wá láti Áfíríkà. Ẹni tó bá ti jẹ sàráà rí kò ní nílò àlàyé púpọ̀ níbẹ̀.

Ẹ fi àárọ̀ kan sílẹ̀ fún igbó Main Ridge. Láti 1776 ni òfin ti dáàbò bò ó, kí òjò má bàa dáwọ́ dúró lórí oko ìrèké. Òun ló pẹ́ jù nínú irú igbó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìhà Amẹ́ríkà. Ẹ mú amọ̀nà, kí ẹ wọ bàtà tí kò ní yọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: alẹ́ ìjàpá òkun

Grande Riviere ni kí ẹ lọ, ní etíkun àríwá Trinidad. Ó tó wákàtí mẹ́ta láti Port of Spain, ojú ọ̀nà sì ń yí kọ́rọkọ̀rọ lẹ́yìn abúlé Toco. Ẹ má lọ kí ẹ padà lọ́jọ́ kan náà. Ẹ sùn síbẹ̀, ó kéré tán alẹ́ méjì, nítorí pé òjò lè gba alẹ́ kan lọ́wọ́ yín.

Ìjàpá tí ẹ ń lọ wò ni wọ́n ń pè ní leatherback, òun ló tóbi jù nínú gbogbo ìjàpá ayé. Kò ní igbá líle lẹ́yìn. Awọ dúdú tó nípọn ló bò ó, pẹ̀lú ilà méje tó yọ sókè láti ọrùn dé ìdí. Ó lè gùn tó mítà kan àbọ̀ sí méjì, kó sì wọn 300 sí 500 kílò. Agbami tútù ní àríwá Atlantic ló ti ń jẹ ẹran omi tó rí yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀, á wá wẹ̀ padà wá sí àwọn etíkun yìí láti yé. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹta sí ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dé etíkun Grande Riviere, Matura tàbí Fishing Pond lálẹ́ láìgba ìwé àṣẹ, kó sì ní amọ̀nà. Ẹ bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn amọ̀nà abúlé náà lọ́sàn-án, ẹ má dúró di alẹ́. Ní Matura, ẹgbẹ́ aráàlú tó ń jẹ́ Nature Seekers ti ń ṣọ́ ìjàpá láti 1990. Àwọn tí ì bá máa pa ìjàpá jẹ ló di ẹni tó ń fi ìṣọ́ rẹ̀ jẹun.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù keje, àwọn ìyá ti ń dínkù, àmọ́ ẹ ṣì lè rí wọn. Bí ètò rẹ̀ ṣe rí nìyí. Ìyá á gòkè láti inú omi, á máa fà á díẹ̀díẹ̀, á sinmi, á tún fà á. Á fi apá iwájú gbọ́n iyanrìn òkè dànù. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: ọ̀kan á ká bí ọwọ́, á bu iyanrìn, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìkejì á ṣe bẹ́ẹ̀, títí ihò á fi jìn débi tí ẹsẹ̀ kò lè dé mọ́. Kò ní wo ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Títí á fi parí ihò yìí, ẹ dúró lẹ́yìn amọ̀nà yín, kí ẹ má sọ̀rọ̀, nítorí tí jìnnìjìnnì bá mú un, á padà sínú òkun pẹ̀lú ẹyin rẹ̀ ni. Ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í yé ni amọ̀nà á pè yín súnmọ́. Nǹkan bí 80 ẹyin funfun á bọ́ sílẹ̀, àwọn kéékèèké tí kò ní ọmọ nínú á tẹ̀ lé e. Omi á máa ṣàn lójú rẹ̀ bí ẹni ń sunkún. Iyọ̀ òkun ni ara rẹ̀ ń tú dànù, kì í ṣe ẹkún.

Kò sí iná funfun, kò sí fíláàṣì, kò sí fóònù tó ń tàn. Iná pupa ọwọ́ amọ̀nà nìkan ni. Ẹ wọ aṣọ tó ṣókùnkùn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí fọ́tò mú yín ṣẹ̀ sí òfin yìí: ìyá tó bá rí iná lè sá padà, ọmọ tó bá rí iná á kọrí sí ìgboro dípò òkun, á sì kú síbẹ̀.

Àwọn ọmọ ni èrè tó pọ̀ jù ní oṣù keje. Ọgọ́ta ọjọ́ tàbí díẹ̀ lé ni wọ́n ń lò nínú iyanrìn, torí náà ẹyin oṣù karùn-ún ni yóò máa pa. Ẹ jáde ní ìdájí tàbí nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Iyanrìn á kọ́kọ́ rì díẹ̀, orí kan á yọ, lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn á da jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Gúnnugún ti ń dúró dè wọ́n. Ẹ má gbé wọn láìjẹ́ pé amọ̀nà ní kí ẹ gbé wọn. Ẹ dúró lójú kan, nítorí pé ẹsẹ̀ yín lè tẹ èyí tí kò tíì yọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọ̀sán kan ní Caroni

Èyí kò gba wàhálà. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ ojú omi máa ń gbéra wọ àbàtà Caroni, tí kò jìnnà sí Port of Spain. Bí oòrùn ṣe ń wọ̀, ẹyẹ scarlet ibis á máa wọ́ padà wá sùn sórí igi, títí igi tútù á fi pupa. Àwọn akàn àti edé tí wọ́n ń jẹ ló ń sọ ìyẹ́ wọn di pupa; ọmọ wọn kì í pupa nígbà tó bá ṣì kéré. Láti 2018 ni òfin pàtàkì ti ń dáàbò bò wọ́n. Ẹ fi oògùn ẹ̀fọn para kí ẹ tó wọ ọkọ̀, torí ibà dengue wà níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ọjọ́ Ìtúsílẹ̀ àti ilé òrìṣà

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 1834 ni òfin tó fòpin sí oko ẹrú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1838 ni wọ́n tó bọ́ pátápátá. Trinidad àti Tobago ló kọ́kọ́ fi ọjọ́ náà ṣe ìsinmi ìjọba láyé, ní 1985. Ìwọ́de wà láàárọ̀ ní Port of Spain, ọjà àti eré sì wà ní pápá ńlá Queen's Park Savannah láti ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Ẹ wọ aṣọ yín. Ìró àti bùbá, agbádá, fìlà, gèlè: ibi tí wọ́n ti mọyì rẹ̀ nìyí, àwọn àgbà á sì dá yín dúró láti bi yín léèrè ìlú tí ẹ ti wá. Ẹ fara balẹ̀ dá wọn lóhùn. Àwọn kan lára wọn ti ń wá ìlú baba wọn láti ìgbà pípẹ́.

Ti ilé òrìṣà yàtọ̀. Àwọn ìdílé ló ni wọ́n, wọn kì í ṣe ibi ìran fún àlejò. Lẹ́yìn Àjíǹde títí dé apá ìparí ọdún ni wọ́n ń ṣe ọdún wọn, ilé kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀. Ó máa ń gba ọjọ́ mélòó kan, alẹ́ ni wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ máa mọ ilé náà nípa àwọn àsíá aláwọ̀ oríṣiríṣi tó wà lórí ọ̀pá oparun nínú ọgbà. Ìlù mẹ́ta ni wọ́n ń lù, ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ omele. Wọ́n á kọ́kọ́ fún Èṣù ní tirẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á ké pe Ògún. Orin á dún létí yín, ẹ máa gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, ẹ kò ní gbọ́ ìkejì, torí ẹnu ti yí i láti ìran dé ìran. Ẹ má tún un ṣe fún wọn. Orin tí wọ́n fi pamọ́ lábẹ́ òfin tó gba ìlù lọ́wọ́ wọn ni.

Láti dé ibẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ní ẹni tó pè yín. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí ẹ bá pàdé ní Savannah, kí ẹ sì gbà bí wọ́n bá ní rárá. Tí wọ́n bá ní kí ẹ wá, ẹ kí olórí ilé kí ẹ tó jókòó, kí obìnrin borí, kí ẹ má ya fọ́tò láìgbàṣẹ, kí ẹ sì mú nǹkan lọ́wọ́: àbẹ́là, òróró ólífì, èso.

Ìgbésẹ̀ keje: ìwé, owó àti ẹrù

Ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà kó bèèrè òfin físà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ aṣojú wọn ní Abuja kó tó san kọ́bọ̀ kan. Físà Trinidad nìkan kò sì tó. Kò sí ọkọ̀ òfúrufú tó ń lọ déédéé láti Lagos dé Port of Spain. London, Toronto tàbí Amẹ́ríkà lẹ ó gbà, àwọn ìlú yẹn sì lè béèrè físà ìkọjá lọ́wọ́ yín. Caribbean Airlines ń gbé èèyàn láti New York, Miami àti Toronto. Yẹ́lò káàdì di dandan fún ẹni tó bá ti Nàìjíríà bọ̀. Ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú náà ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó gbéra.

Ẹ yẹ ìròyìn wò kí ẹ tó sanwó: ní ìparí 2024 àti ní 2025, ìjọba wọn kéde ìlú ní ipò pàjáwìrì nítorí ìwà ọ̀daràn. Ẹ má rìn nígboro Port of Spain lóru, ẹ lo takisí tí ilé ìtura bá pè fún yín.

Má kó aṣọ tó jọ ti ṣọ́jà sínú àpótí, ì báà jẹ́ fìlà tàbí ṣòkòtò ọmọdé. Òfin kà á léèwọ̀, wọ́n á gbà á ní pápákọ̀ òfurufú. Iná wọn jẹ́ 115 volt, ihò rẹ̀ sì jẹ́ ti Amẹ́ríkà, torí náà áyọ́ọ̀nù yín kò wúlò níbẹ̀. Apá òsì ni wọ́n ń wa ọkọ̀. Dọ́là tiwọn tó nǹkan bíi 6.8 sí dọ́là Amẹ́ríkà kan. Ẹ jẹ doubles láàárọ̀ lójú pópó, ẹ̀wà chickpea nínú búrẹ́dì rírọ̀ dídín, kí ẹ sì bèèrè ata díẹ̀, ata wọn kì í ṣe tàwàdà.

Bí ẹ bá fẹ́ to ọjọ́ yín, ẹ dé Tobago ní nǹkan bí ọjọ́ 17 oṣù keje, ẹ kúrò níbẹ̀ ní ọjọ́ 25, ẹ lo ọjọ́ mẹ́ta ní Grande Riviere, ẹ sì padà sí Port of Spain ní ọjọ́ 29. Caroni lè bọ́ sí ọjọ́ 30. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàsílé fún ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ibi ọjọ́ kìíní ni ẹni tó máa pè yín wá sílé ti máa bá yín pàdé. Má ṣe fi ìkọjá láti Tobago sí ọjọ́ 31 oṣù keje. Ọkọ̀ ojú omi tó bá pẹ́ ní ọjọ́ yẹn, ìwọ́de àárọ̀ ọ̀la lẹ ó fi san án.